Skáànù oríkèé: kí ló dé tí ẹni tó ń tọ́jú làkúrègbé fi ní láti fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ọ?

Lọ́jọ́ tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn pé mo fẹ́ lọ ṣe kọ́ọ̀sì skáànù, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti fi iṣẹ́ fisíò sílẹ̀ ni, ṣé àwọn aláboyún ni mo fẹ́ máa tọ́jú báyìí. Mi ò dá a lẹ́bi o, torí lọ́dọ̀ tiwa tí wọ́n bá ti dárúkọ skáànù, ikùn ló ń wá sí èèyàn lọ́kàn, àfi tó bá jẹ́ bàbá àgbà kan tí wọ́n ní kó lọ wo prostate. Pé èèyàn lè gbé skáànù lé ọmọ ìka, lé ọrùn-ọwọ́, lé orúnkún, kó sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ọ rí. Àwọn tó ti gbọ́ ọ náà á wá bi ẹ́ pé tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń yàwòrán, kí ni dókítà tó ti kàwé títí tún fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣebí kó ṣáà tẹ bọ́tìnnì?

Ìbéèrè yẹn ló mú kí n jókòó kọ èyí. Iṣẹ́ fisíò ni mò ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní klíníìkì àwọn tí oríkèé ń yọ lẹ́nu, mo ti gba ẹ̀kọ́ skáànù yìí, mo sì mọ bó ṣe ń rí kéèyàn di nǹkan mú lọ́wọ́, kí àwòrán wà níwájú ẹ̀, kó má sì mọ ohun tó ń wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "làkúrègbé" ná, torí àpò ńlá kan ni, gbogbo nǹkan la ń kó sínú ẹ̀. Ìyá àgbà tí orúnkún ẹ̀ ti jẹ, làkúrègbé ni. Bàbá tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣàdédé wú lóru, tó pọ́n, tó ń jó o bí iná, tí aṣọ ìbora ò gbọdọ̀ kàn án, làkúrègbé náà ni. Ọmọbìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí gbogbo ìka ẹ̀ ń le gan láàárọ̀, ohun kan náà la ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ìyá àgbà, eegun rírọ̀ tó bo orí egungun, irú èyí tí à ń rún mọ́ ẹran, ló ti ń tán lọ. Ti bàbá yẹn, gout ni, uric acid ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tó wá dì bí iyọ̀ sínú oríkèé. Ti ọmọbìnrin yẹn sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ti yíjú padà sí oríkèé fúnra ẹ̀, tí awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé á wú, á máa gbóná, tí wọn ò bá sì tètè dá a dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun. Oògùn tó ń wo ọ̀kan ò wo èkejì. Àwọn dókítà tó ń ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni rheumatologist, èmi á máa pè wọ́n ní dókítà oríkèé kó lè rọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kọjá oríkèé, lupus, àìsàn míì tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń bá ara fúnra ẹ̀ jà, náà wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń wí yìí, ọwọ́ ti ń dùn ún láti bí ọdún kan. Tó bá jí láàárọ̀ kò lè fún aṣọ, kò lè ro àmàlà, ó di bí aago mẹ́wàá kí ìka ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ó lọ ya X-ray, wọ́n ní egungun ẹ̀ dára, kò sí nǹkan kan. Inú ẹ̀ bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí tí wọ́n bá ti lè sọ pé kò sí nǹkan kan, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ọ̀lẹ, àwọn míì á ní ayé ló ń ṣe é. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ni pé egungun ni X-ray ń rí dáadáa, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe egungun ló kọ́kọ́ ń ṣàìsàn nínú rheumatoid, awọ fẹ́lẹ́ yẹn ni, àti iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí X-ray bá fi máa rí ihò lára egungun, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀.

Dókítà oríkèé náà ní ọwọ́ ẹ̀ o. Wọ́n á tẹ oríkèé 28 níkọ̀ọ̀kan, èjìká méjèèjì, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn-ọwọ́, gbogbo ìka ọwọ́, dé orúnkún, wọ́n á máa ka èyí tó wú àti èyí tó ń dùn. Ó dáa, òun náà ni wọ́n ń lò jù títí dòní. Àmọ́ ìka míì sanra, ìka míì wú díẹ̀ péré, òmíì ń dùn láìwú rárá, kéèyàn tẹ̀ ẹ́ títí kó má rí ìdáhùn. Ibi tí skáànù ti wọlé nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Tí o bá dúró lẹ́nu kànga tó o ké sí i, ohùn ẹ á padà wá bá ẹ, gbohùngbohùn nìyẹn. Ohun tí dókítà ń dì mọ́wọ́, próòbù, ń ké sínú ara, ó sì ń gbọ́ èyí tó padà. Inú ẹ̀ ni oríṣi kírísítálì kan wà tó jẹ́ pé tí iná bá kàn án á gbọ̀n, á ké, tí ìró bá sì padà lù ú á mú iná jáde (Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Jacques ló ṣàwárí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Paris ní 1880, ìyẹn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú skáànù). Etí èèyàn ò lè gbọ́ igbe náà. Ìgbọ̀nrìrì 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni etí wa lè gbọ́ mọ, bẹ́ẹ̀ ti skáànù oyún máa ń tó mílíọ̀nù 3 sí 5, ti oríkèé ìka á lé ní mílíọ̀nù 10, á lọ dé 18. Bí ó bá ṣe ń ga sí i ni àwòrán ń fi nǹkan wẹ́wẹ́ hàn sí i, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni kì í lè wọlé jìnnà mọ́. Ìdí nìyẹn tí próòbù tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú ikùn ò fi lè wo ìka dáadáa, ọmọ jìnnà sínú, ìka ò sì nípọn, ohun tí à ń wá níbẹ̀ lè má tó mìlímítà kan. Jẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n ń fi pa ara yẹn, kí afẹ́fẹ́ má bàa dí ìró lọ́nà ni, torí ìró yìí ò lè gba inú afẹ́fẹ́ kọjá.

Lójú skírínì, egungun á funfun fọ́ bí ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣókùnkùn torí ìró ò ráyè kọjá. Omi á dúdú. Iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, ìyẹn ló máa ń wù mí jù, á tò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí òwú tí wọ́n ta sórí òfì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ òkè.

Ó dáa, ibi tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti wọlé rèé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, ara wa la fi kọ́ ọ, ẹnì kan á bọ́ra sílẹ̀, ẹnì kejì á wò ó. Wọ́n ní kí n wo iṣan kan níwájú èjìká ọmọkùnrin kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ́ ni, ara ẹ̀ le, bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Bí mo ṣe gbé próòbù lé e ni mo rí àmì dúdú kan láàárín iṣan náà. Àyà mi já. Mo rọra sọ fún olùkọ́ wa pé ó jọ pé iṣan ẹ̀ ti já. Obìnrin náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn di ọrùn-ọwọ́ mi mú, ó yí i díẹ̀, díẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò ní mọ̀ pé ọwọ́ mi kúrò níbi tó wà, ni iṣan náà bá funfun padà, òwú ẹ̀ pé, kò sí ibì kankan tó já. Kò sóhun tó ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ mi ló dagun.

Ìdí ẹ̀ ni pé iṣan ń ṣe bíi dígí. Tí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí gbọọrọ, ìmọ́lẹ̀ á padà sí ẹ lójú, tí o bá dá tọ́ọ̀ṣì náà ní ìdagun, ìmọ́lẹ̀ á gba ibòmíì lọ, ìwọ ò sì ní rí nǹkan kan. Próòbù gbọ́dọ̀ kọjú sí iṣan tààrà, tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí ìró ò ní padà sọ́dọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ á wá dúdú bí ẹni pé ó já tàbí pé omi wà níbẹ̀. Iṣan sì rèé, kì í lọ gbọọrọ, ó ń tẹ̀ ó ń wọ́ tẹ̀ lé egungun, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń wò ó ní láti máa tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ. Kò sí ìwé tó lè fi ìyẹn sí ẹ lára. Mo ti ka orí kan tí wọ́n kọ lórí ẹ̀ kí n tó lọ, mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, mo tún padà ṣìṣe bákan náà. Ẹ wá rò ó wò kó jẹ́ pé aláìsàn gidi ló wà níwájú mi, kí n sì kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀ pé iṣan ẹ̀ ti já.

Àṣìṣe kejì tún le ju ìyẹn lọ lójú tèmi, torí pé òun kì í hàn. Skáànù ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Doppler, orúkọ ọ̀mọ̀wé ará Austria kan ló ń jẹ́, òun ló ṣàlàyé ní 1842 bí ìró tàbí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà tí ohun tó ń mú un wá bá ń rìn. Tí wọ́n bá tan Doppler, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń rìn á yọ àwọ̀ pupa tàbí ọsàn lórí skírínì. Nínú oríkèé ìka tí ara ẹ̀ yá, o lè má rí àwọ̀ kankan. Níbi tí rheumatoid bá ti ń jà, òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín á hù sínú awọ fẹ́lẹ́ yẹn, àwọ̀ á máa ṣẹ́ wìnnìwìnnì bí iná ẹyín. Ohun tí dókítà nílò gan-an nìyẹn, torí omi nìkan ò sọ pé àìsàn ṣì ń jà. Ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn ò lágbára, tí o bá fi próòbù tẹ ọwọ́ aláìsàn díẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ kí àwòrán lè dúró, wọ́n á pa dé, àwọ̀ á pòórá, wàá sì sọ fún ẹni tí ara ń ro pé oríkèé ẹ̀ ti balẹ̀. Wọ́n á dín oògùn ẹ̀ kù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àṣìṣe ni, torí fọ́tò ẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nítorí náà wọ́n ń kọ́ wa láti bu jẹ́ẹ̀lì rẹpẹtẹ, kí próòbù léfòó lórí ẹ̀, kó má fi bẹ́ẹ̀ kan awọ ara, kí ìka kékeré ẹni sì fara ti ọwọ́ aláìsàn kí gbogbo ẹ̀ má máa gbọ̀n. Ọwọ́ aláìsàn náà ní láti wà pẹrẹsẹ, kó dẹ ìka sílẹ̀, torí tí ìka bá le gan àwọ̀ lè dín kù. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn bọ́tìnnì, wàá gbé agbára Doppler sókè títí skírínì á fi kún fún ariwo, wàá wá rọra fà á wálẹ̀ títí ariwo yẹn á fi dákẹ́. Bọ́tìnnì wà lóòótọ́ o, àwọn tó ń béèrè yẹn ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e kọjá ààlà á rí àìsàn níbi tí kò sí, ẹni tó bá fà á wálẹ̀ jù ò ní rí èyí tó wà.

Báwo ni ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ gan-an? Ní Yúróòpù, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àìsàn oríkèé, tí wọ́n ń pè ní EULAR, ló ń darí ẹ̀ jù, kọ́ọ̀sì wọn pín sí ìpele mẹ́ta, ti olùbẹ̀rẹ̀, ti àárín, àti ti àwọn tó ti gòkè. Ní 2001 ni wọ́n ti tẹ ìlànà jáde nípa ibi tí próòbù gbọ́dọ̀ wà fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún tún un ṣe ní 2017, kó lè jẹ́ pé orúnkún tí wọ́n wò ní Rome àti èyí tí wọ́n wò ní London, ibì kan náà ni wọ́n ti wò ó. Lẹ́kíṣọ̀ wà, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kó pẹ́, èèyàn díẹ̀díẹ̀ á pín yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ká pẹ̀lú olùkọ́ kan. Ara wa la kọ́kọ́ ń lò torí ó yẹ kéèyàn mọ bí ara tó yá ṣe rí kó tó lè mọ èyí tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláìsàn tó yọ̀ǹda ara wọn á wọlé (Ọlọ́run á san wọ́n lóore, ẹni tí ọwọ́ ń dùn tó wá jókòó kí àjèjì mẹ́fà lè fi kọ́ṣẹ́). Tó bá kan gígún abẹ́rẹ́ pẹ̀lú skáànù, kí wọ́n lè rí orí abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé, ẹran ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi kọ́ ọ: àyà adìyẹ tàbí tòlótòló, wọ́n á ki èso ólífì bọ inú ẹ̀, wọ́n á ní kó o fi abẹ́rẹ́ kàn án láìsí pé ojú ẹ rí ólífì náà. Ó dà bí eré, àmọ́ abẹ́rẹ́ tó bá yẹ̀ kúrò nínú ohun tí próòbù ń rí, kódà bó ṣe mìlímítà kan, kò sí lójú skírínì mọ́, ìwọ á ṣì máa tì í lọ.

Apá tó ń gba àkókò jù ni èyí tó tẹ̀ lé kọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní USSONAR ń mú àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ fún bí oṣù mẹ́jọ, wọ́n á máa wo aláìsàn níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n á fi àwòrán ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan, ọ̀gá á dá a padà pé eléyìí dagun, eléyìí o tẹ̀ ẹ́ jù, lọ tún un yà. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ rí mọ irú nǹkan yẹn, tí ọ̀gá á tú gbogbo ohun tó o rán láti àárọ̀ tí á ní kó o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò wà lẹ́yìn ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Kì í sì í ṣe dókítà nìkan, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí fisíò, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà ń kọ́ ọ, ọmọ Nàìjíríà sì wà láàárín wa.

Ohun kan wà tí aráàlú ò mọ̀, pé iṣẹ́ ńlá ni kí ojú èèyàn méjì rí nǹkan kan náà. Ó di 2005 kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé báyìí ni omi oríkèé ṣe ń jẹ́, báyìí ni awọ tó wú ṣe ń jẹ́: omi máa ń sá tí o bá tẹ̀ ẹ́, kì í sì í yọ àwọ̀ ní Doppler, awọ tó wú kì í fi bẹ́ẹ̀ sá, ó sì lè yọ àwọ̀. Wọ́n wá ń fún un ní máàkì láti 0 dé 3. Ní kọ́ọ̀sì, gbogbo wa á wo oríkèé kan náà, oníkálukú á kọ máàkì tiẹ̀ sórí pépà láìwo ti ẹnì kejì, lẹ́yìn náà la máa wá tú u. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka kan ṣoṣo gba 0 lọ́wọ́ ẹnì kan ó gba 2 lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kó tó di ìgbẹ̀yìn a ti ń sún mọ́ra.

Ní ti gout, kíá ni ìwúlò skáànù yìí máa ń hàn. Iyọ̀ uric acid á bo òkè eegun rírọ̀ yẹn, a óò wá rí ìlà funfun méjì, ọ̀kan ti egungun, ọ̀kan ti iyọ̀, tí dúdú wà láàárín wọn. Láti 2015 ló ti wà lára àwọn àmì tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fẹnu kò sí fún dídá gout mọ̀. Wọ́n tún ń fi wo òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ orí, nínú àìsàn kan tó lè fọ́ ojú àgbàlagbà láàárín ọjọ́ díẹ̀, dókítà kan ní Berlin ló ṣàfihàn rẹ̀ ní 1997 pé òrùka dúdú máa ń yí òpó náà ká. Àìsàn àwọn òyìnbó ló jẹ́ jù, mi ò ní dúró lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi skáànù tan yín pé dandan ni lóṣooṣù. Àwọn ará Norway ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, àwọn tí rheumatoid wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 200 ni wọ́n pín sí méjì, wọ́n ń skáànù apá kan ní gbogbo ìgbà kí wọ́n tó pinnu oògùn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu wo apá kejì. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ìyẹn ò sọ pé skáànù ò wúlò, ohun tó ń sọ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ ò bá yé dókítà ló ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀: nígbà tí kò dájú bóyá oríkèé wú, nígbà tí ara aláìsàn ń ro tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò sì fi nǹkan kan hàn, nígbà tí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ibi tó há. Kò sì lè rí inú egungun, kò lè wo inú ọ̀pá ẹ̀yìn bó ṣe yẹ, MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yàwòrán inú ara, ni tàwọn yẹn.

Nàìjíríà wá ńkọ́? Dókítà oríkèé ò pọ̀ rárá fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Ilé skáànù pọ̀ ní ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ikùn ni púpọ̀ nínú wọn ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ wọn sì mọ ikùn. Ní báyìí próòbù tí èèyàn lè so mọ́ fóònù ti wà, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Butterfly gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní 2017, wọ́n ń tà á ní nǹkan bí 2,000 dọ́là nígbà tó jáde, ó ń lo bátìrì, NEPA ò kàn án. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí ni pé ẹ̀rọ máa dé kí ọwọ́ tó dé. Tí wọ́n bá ní kó o lọ ṣe skáànù oríkèé, bi wọ́n pé ta ló máa ṣe é, ṣé ó máa ń wo oríkèé dáadáa, ṣé wọ́n máa tan Doppler. Kì í ṣe àrífín, ara ẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi rí dókítà oríkèé níkẹyìn, ó sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wo ọwọ́ ẹ̀. Mo rò pé èsì ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ó ní, "Ó da jẹ́ẹ̀lì lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń da omi ọbẹ̀, kò sì tẹ̀ mí rárá. Mo ń wò ó. Àwọ̀ pupa yọ níbi ìka méjì."